Whimper kì í ṣe ẹkún ọ̀lẹ o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìnáwó pépà náà, torí gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe rí báyìí. Ọwọ́ fẹ́ńdọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ojú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣí, ẹ má bi mí pé kí ni màmá àgbàlagbà ń wá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ to àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kalẹ̀ fáwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì, sob, weep, wail, whimper, "sunkún, sunkún" náà lẹ kàn ń kọ síwájú wọn, ìgbà tó wá kan whimper lẹ ní "kí èèyàn máa sunkún bí ọ̀lẹ". Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí?

Mi ò bá yín jà o. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti rìtáyà, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi nílùú Ìbàdàn yìí, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán ló mú mi gbé báírò. Lára àwọn ọmọ tó ń ka ojú ìwé yẹn ni nọ́ọ̀sì àti dókítà ọ̀la ti máa jáde, ẹni tó bá sì ti gbà látilé pé ẹkún ọ̀lẹ ni whimper, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wá bá a, á ní kí ìyá ẹ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa dá àwọn tó ń figbe ta lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, ó ti lé ní 500 ọdún táwọn Òyìnbó ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, láti bíi 1510 ó lé díẹ̀. Ó jọ pé ohùn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bí àwa náà ṣe ń sọ pé wọ́n kan ilẹ̀kùn kó kó kó tàbí pé ẹnì kan ṣubú gbì. Tó bá ń ṣe yín bí irọ́, ẹ pa ẹnu yín dé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn gba imú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, hm, hm, hm, ẹ ó rí i pé ohùn tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ ń gbé jáde. Àwọn ará Jámánì náà ní tiwọn, wimmern, m méjì ló wà nínú ẹ̀. Whine tó sún mọ́ ọn ńkọ́? Ohùn ọfà ni wọ́n fi ń júwe nígbà láéláé, ìgbà tí ọfà bá ń ré kọjá nínú afẹ́fẹ́, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó wá ń lò ó fún èèyàn. Cry tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á, àwọn Faransé sì gbà á látinú Látìnì, igbe ni nígbà yẹn, kò kan omi ojú rárá, kódà àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni kí èèyàn ké sáwọn ọmọ ìlú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé ẹ gbà mí o. Ó di ẹ̀yìn ọdún 1500 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ń lo cry fún ẹni tí omijé ń dà lójú ẹ̀, weep ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Níbo ni ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ nínú gbogbo èyí? Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi whimper bú àgbàlagbà tó bá ń ráhùn ṣáá, ìyẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èébú ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ bú, èébú kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí wọ́ọ̀dù wàyí. Pépà kan wà tá a fi ń wọn ìrora ọmọ tí ò lè sọ ibi tó ń dùn ún, láti ọmọ oṣù méjì títí dé ọmọ ọdún méje, FLACC ni wọ́n ń pè é, Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ló ti jáde lọ́dún 1997. Ohun márùn-ún la máa ń wò lára ọmọ, ojú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, bó ṣe ń yíra, ẹkún ẹ̀, àti bóyá ó ṣe é rẹ̀ lẹ́kún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo, ení tàbí èjì, àròpọ̀ ẹ̀ ò lè ju 10 lọ. Tó bá kan ti ẹkún, ọmọ tí ò sunkún rárá gba òdo, èyí tó bá ń ké ṣáá tàbí tó ń figbe ta gba èjì, èyí tó bá ń kérora tàbí tó ń whimper gba ení. Whimper gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, dúdú lórí funfun. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ní máàkì tiẹ̀, nọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ti kọ́ pé sunkún ni gbogbo ẹ̀, kí ló fẹ́ kọ sílẹ̀ láago méjì òru?

Àti pé ení yẹn fúnra ẹ̀ lè tan èèyàn jẹ. Bàbá kan gbé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá, ọmọ náà á tó ọdún méje, orí igi máńgòrò ló ti já bọ́, apá ẹ̀ ti yẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ wò ó. Ọmọ ò ké o. Ó di ètè ẹ̀ mú, ó ń gba imú ṣe hm, hm, omi lé ròrò sójú ẹ̀ kò jẹ́ kó dà, gbogbo ìgbà tá a bá sì ti fọwọ́ kàn án á gbójú sókè wo bàbá ẹ̀, bàbá náà ò gbé ẹnu dúró, "ọkùnrin ni ẹ́ o, jagunjagun ni bàbá ńlá ẹ, wọn kì í sunkún nílé wa." Ẹ mọ ìwà àwa ará Ìbàdàn, gbogbo ilé ló ní jagunjagun. Mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ra omi inú ọ̀rá níwájú gẹ́ẹ̀tì. Kó tó rìn dé ìdí àtẹ̀gùn ọmọ ti bú sẹ́kún, ẹkún tí wọ́n gbọ́ dé wọ́ọ̀dù kejì, ara ẹ̀ wá balẹ̀, ó ń júwe ibi tó ń dùn ún fún dókítà. Ṣé ọ̀lẹ wá nìyẹn?

Àmọ́ ti ọmọ tó ti lè bẹ̀rù bàbá ẹ̀ nìyẹn. Ti ọmọ ọwọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọmọ ọwọ́ kì í pa ẹkún mọ́ra fún ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá rí i kó wá ń kùn lábẹ́lẹ̀, agbára ẹ̀ ló ti ń tán. Ẹ wo àdúrà tá a máa ń gbà fún aláboyún, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ohùn la ní a fẹ́ gbọ́, ohùn tó dún síta. Virginia Apgar, dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gbé òdiwọ̀n ọmọ tuntun jáde lọ́dún 1952, nǹkan tí àwọn ìyá wa ti ń tẹ́tí sí náà ló kọ sílẹ̀: bí ọmọ bá ti jáde, láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wo àwọ̀ ara ẹ̀, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń ju apá ju ẹsẹ̀, àti bó ṣe ń ṣe tí wọ́n bá tọ́ ọ, tó bá di ìṣẹ́jú karùn-ún wọ́n á tún un wò. Tó bá kan ti mímí, ọmọ tó ké dáadáa gba èjì, èyí tí ẹkún ẹ̀ ò lágbára gba ení. Ọmọ tuntun ò sì ní omijé o, fún àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á kàn máa ké ojú ẹ̀ á gbẹ ni, ọ̀pọ̀ ìyá tuntun ló máa ń sáré wá bá wa pé ojú ọmọ àwọn ò pé, a ó ní ẹ lọ sinmi, kò tíì débẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti dàgbà kọjá ìgbà yẹn, tó ń sunkún tí omi ò jáde, ẹ gbé e jáde nílé lọ sọ́sibítù.

Ìyá kan wà, ẹ̀yìn Bẹẹrẹ lọ́hùn-ún ló ti wá, ọmọ ẹ̀ á máa lọ sí oṣù mẹ́sàn-án. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ pàjáwìrì kún fọ́fọ́, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ran ẹsẹ̀ ẹ̀, igbe ẹ̀ ń mi òrùlé, gbogbo èèyàn ló ń wo ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Ìyá tí mò ń sọ yìí pọn ọmọ tiẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Mo kọjá lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹnu ọ̀nà ń ké lókèèrè, ìn, ìn, á dákẹ́, ìn. Mo ní màmá kí ló ń ṣe yín? Ó ní, "Ẹ̀ẹ́, ọmọ mi ló ń yàgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní eyín ló ń hù, àmọ́ ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ báyìí nọ́ọ̀sì, ó ké títí láàárọ̀, ó ti wá rọlẹ̀." Ó ti wá rọlẹ̀! A sọ ọmọ kalẹ̀, àwújẹ̀ ẹ̀ ti jìn wọnú, ojú ẹ̀ náà ti wọnú, ẹnu gbẹ, mo fi ìka méjì fa awọ ikùn ẹ̀ sókè mo sì jọ̀wọ́ ẹ̀, awọ dúró bẹ́ẹ̀ kò tètè padà. Omi ti tán lára ọmọ. A fà á lé dókítà lọ́wọ́, wọ́n wá iṣan, wọn ò rí i, wọ́n tún wá a, ìgbẹ̀yìn wọ́n rí ọ̀kan lórí, wọ́n fa omi sí i. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó tún fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ míì, ọmọ yìí ya ẹnu ó ké gbẹ̀ẹ́, omijé jáde, ìyá bínú sí wa pé ṣé ẹ fẹ́ pa á ni, tó ti sùn jẹ́jẹ́ látòru. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dá a lóhùn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti irú kan, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì mú jù. Ọmọ á máa mí, bó bá ṣe ń mí síta ni ohùn kékeré kan á máa bá a jáde, tí èémí bá ti jáde ohùn á jáde, ó ń gbin. Kì í ṣe pé ó ń sunkún, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ló ń pa dé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tán nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ara ọmọ ló ń gbìyànjú àtigba ara ẹ̀ là, òtútù àyà ló sì máa ń fà á nígbà púpọ̀. Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè kẹ́ ẹ ka èémí ẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá fara balẹ̀: ọmọ tí ò tíì pé oṣù méjì tó bá mí tó 60, ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan tó bá mí tó 50, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá mí tó 40, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má fi àgúnmu tàbí róòbù ṣe é.

Láyé ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tá a tún ń gbọ́ ohùn yìí lẹ́nu wọn ṣáá làwọn ọmọ kwashiorkor. Irun á pọ́n, á fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, ọmọ ò ní ṣeré ò ní rẹ́rìn-ín, á kàn jókòó síbi tẹ́ ẹ bá gbé e jókòó sí á máa kùn látàárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé e á kùn, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ á kùn. Orúkọ àìsàn yẹn náà ní ìtàn tiẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Gáà ní Gánà ni, àìsàn tó ń mú ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú torí pé àbúrò ti dé. Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, ló fi orúkọ yìí kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún 1935, ó sì sọ ọ́ pé oúnjẹ àgbàdo lásán làwọn ọmọ náà ń jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún ọmọ ní ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹja tàbí ẹyin, ẹ gbọ́ o. Inú mi dùn sí obìnrin yẹn torí kò fún un ní orúkọ Látìnì, ó bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń pè é, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe náà nìyẹn. Yorùbá ò tòṣì ọ̀rọ̀ nípa ẹkún. A ní kí èèyàn bú sẹ́kún, kó ké, kó figbe ta, kó pohùnréré ẹkún, kó dárò, kó kérora, omi á lé ròrò sójú, omijé á dà pòròpòrò, kódà a ní ẹkún ìyàwó tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sun tó jẹ́ pé orin àti ewì ni gbogbo ẹ̀. Èyí tí whimper wà fún, àwọn ìyá tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti ní in lẹ́nu láìka dikíṣọ́nárì kankan, "ó ń kùn ṣáá", "ó kàn ń gbin ni", bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ọmọ dákẹ́ pátápátá wọ́n á ní kò gbin pínkín. Kùn ni ti ọmọ tí nǹkan ń yọ lẹ́nu tí kò lágbára àtiké, gbin ni ti ẹni tí ìrora tàbí èémí há mọ́ láyà. Tó bá jẹ́ èmi ni, whimper, kí èèyàn máa kùn tàbí kó máa gbin lábẹ́lẹ̀ nítorí ìrora, ẹ̀rù tàbí àìlágbára, ó parí.

Ọ̀rọ̀ àlòkan-fún-gbogbo yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n má dẹ́bi fún yín nìkan. Nínú Bíbélì Yorùbá tí bàbá wa Ajayi Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe, tó parí lódindi lọ́dún 1884, ẹ ṣí Jòhánù orí 11, ẹsẹ 33 ní Màríà ń sọkún, ẹsẹ 35 ní Jésù sọkún, bí ẹni pé ẹkún kan náà ni wọ́n sun. Pásítọ̀ wa tó gbọ́ Gíríìkì ló ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nílé ìjọsìn pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ti Màríà ni ẹkún tó ń dún síta bí wọ́n ṣe ń sun ún nílé òkú, ti Jésù, omijé ló kàn dà lójú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ò yà á sọ́tọ̀, wept ni wọ́n kọ fún Jésù, weeping ni wọ́n kọ fún Màríà. Látọjọ́ yẹn mi ò tún ka ẹsẹ yẹn bákan náà mọ́, ẹsẹ tá a máa ń sáré dárúkọ níléèwé ọjọ́ ìsinmi torí pé ó kúrú!

Ẹ bá mi kí ọmọ wa tó ń ṣe ojú ìwé náà, iṣẹ́ ẹ̀ dáa, ẹ má jẹ́ kó rò pé màmá kan wá bú òun. Kó kàn tún whimper ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ káwọn ọmọ tó ti gé e lẹ̀ mọ́ ìwé wọn lè pààrọ̀ ẹ̀. Mo sì rí i nísàlẹ̀ pé ó ní snivel ló kàn. Ẹ sọ fún un kó má fi sunkún tú ìyẹn náà o, ikun imú ló wà nínú ẹ̀ láti ìpilẹ̀, kí ọmọ máa sunkún kó máa fa ikun símú, gbogbo ìyá tó bá ti pọn ọmọ rí ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn bùbá wa ló máa ń parí sí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Nọ́ọ̀sì,
Ìdí-Àpẹ́, Ìbàdàn.